Ẹ̀bùn ọdún fún ẹni tó ń kọ̀wé: èwo ni ká rà, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí ọyẹ́ ń gbẹ ètè, irú oníbàárà kan wà tí mo máa ń retí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgbọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń kọ̀wé. Ó lè jẹ́ ìyàwó òǹkọ̀wé, ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ lọ síléèwé. Yóò dúró níwájú káńtà, yóò wo òkè, yóò wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò nawọ́ sí báírò olówó ńlá tó wà nínú àpótí, èyí tí wọ́n fi aṣọ àrán tẹ́ inú rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ bá mi dì í dáadáa, ẹ̀bùn ọdún ni." Èmi náà á bi í pé, "Kí ni ẹni náà fi ń kọ̀wé báyìí?" Ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ̀.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ta nóòtù, báírò àti pépà ní Òṣogbo. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ni òǹkọ̀wé ilé wa. Ìtàn àròsọ lédè Yorùbá ló ń kọ, ó sì máa ń kọ eré fún rédíò. Nítorí náà, mo mọ ohun táwọn èèyàn ń rà, mo sì mọ ibi tí ohun tí wọ́n rà ń já sí. Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì àbúrò mi lónìí, báírò alápòótí mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ẹ̀bùn ni gbogbo wọn. Íǹkì méjì nínú wọn ti tán láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ò sì rí irú rẹ̀ rà nílùú yìí láti fi pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn méjì yòókù kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan rí. Ó ní wọ́n ti dára jù fún òun láti máa gbé kiri. Ìfẹ́ ló mú kí wọ́n rà wọ́n fún un, inú rẹ̀ sì dùn lọ́jọ́ tó gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n báírò kékeré tí mo ń tà ní páálí páálí ló fi kọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kẹ́ ẹ tó mówó jáde, ẹ wádìí ibi tí iṣẹ́ ẹni yẹn ti máa ń há. Ṣé òkùnkùn ni? Ṣé fóònù tó ń kú ni? Ṣé ariwo ilé ni, àbí ọ̀rọ̀ tó mọ̀ lẹ́nu àmọ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́? Ohun tó bá gbé ìhá yẹn kúrò ni ẹ̀bùn. Ní méjì méjì ni màá fi wọ́n wéra, nítorí bó ṣe máa ń rí ní káńtà mi nìyẹn: nǹkan méjì ló máa ń wà lọ́wọ́ oníbàárà, kò sì ní mọ èyí tóun máa dá padà. Mi ò ní kọ iye owó, torí iye tí mo bá kọ lónìí lè má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tó wọ́n ju èkejì lọ ni màá sọ.

Báírò ni, àbí nóòtù?

Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni ẹni yín fi ń kọ̀wé, nóòtù ni kẹ́ ẹ rà. Báírò tó dáa kò wọ́n, òun fúnra rẹ̀ ń rà á. Nóòtù tó dáa ni owó rẹ̀ máa ń ro òǹkọ̀wé lójú méjì. Á ní jótà ọmọléèwé ti tó òun, á wá kọ ìtàn ọdún méjì sínú ohun tí ewé rẹ̀ ń já bí ewé ìrókò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Oríṣi mẹ́ta ló wà lórí káńtà mi. Ọ̀kan, òwú ni wọ́n fi rán ẹ̀yìn rẹ̀. Èkejì, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta ni onírin wíwé. Ẹ ṣí i sí àárín, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wá gbọ́wọ́ kúrò. Èyí tí wọ́n rán yóò tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Èyí tí wọ́n lẹ̀ yóò padé mọ́ra. Bẹ́ ẹ bá fipá tẹ èyí tí wọ́n lẹ̀ kó lè tẹ́, ẹ ó gbọ́ bí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń là, ibẹ̀ sì ni ewé rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Onírin ló tẹ́ ju gbogbo wọn lọ, ó sì ṣeé ká sẹ́yìn téèyàn bá ń kọ̀wé lórí itan nínú ọkọ̀. Àmọ́ irin rẹ̀ máa ń wọ́ nínú báàgì, ẹni tó bá sì ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, orí irin yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ á máa wà ṣáá. Èyí tí wọ́n rán ni mo máa ń ní kí wọ́n rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló wọ́n jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni pépà inú rẹ̀. Ẹ ó rí 60 tàbí 80 lára rẹ̀. Iye gíráàmù tí mítà kan níbùú lóròó pépà náà wọ̀n nìyẹn. Ewé A4 kan tó jẹ́ 80 wọn gíráàmù 5, rímù rẹ̀ tó ní ewé 500 sì wọn kílò 2.5. Rímù 60 kò pé kílò 2. Mo máa ń gbé méjèèjì lé oníbàárà lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ojú ewé méjèèjì ni òǹkọ̀wé ń lò. Lórí 60, ohun tó kọ síwájú á hàn sẹ́yìn, tó bá sì di ọ̀rọ̀ àtúnṣe, tó fa ìlà, tó kọ òmíràn sókè, kò ní lè ka ohun tó kọ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò rí i níbi táwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ nóòtù, bẹ́ẹ̀ òun ló kan àwa tá a ń kọ Yorùbá jù lọ. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ìlà kan sí èkejì. Ẹ kọ "ọ̀rọ̀" sórí ìlà òkè, kẹ́ ẹ wá kọ "ẹ̀kọ́" sábẹ́ rẹ̀ gan-an. Àmì tó wà nísàlẹ̀ ọ á sọ̀ kalẹ̀, àmì ohùn orí ẹ náà á gòkè wá. Nínú nóòtù tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6, àwọn méjèèjì á pàdé, ẹni tó ń kà á ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ti òkè àti èyí tó jẹ́ ti ìsàlẹ̀. Mìlímítà 8 ló gba Yorùbá dáadáa. Rúlà ni mo fi ń wọ̀n ọ́n fún oníbàárà. Ẹni tó ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè fara mọ́ èyí tó há.

Ó wá kan báírò náà. Ẹnu báírò tó jẹ́ mìlímítà 1.0 ń da íǹkì púpọ̀, ó ń yọ̀ lórí pépà, ọwọ́ kì í tètè rẹ èèyàn, àmọ́ àmì kékeré orí ọ̀rọ̀ á wú, "ọ́" á wá dà bí ibi tí íǹkì kán sí. 0.7 tàbí 0.5 ló yẹ ẹni tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ti jẹ́ẹ̀lì ń dán, ó sì rọrùn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n omi ni wọ́n fi po ọ̀pọ̀ nínú íǹkì rẹ̀. Ẹ fi kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ ka ení títí dé àárùn-ún, kẹ́ ẹ fi ìka tó tutù nu ún. Bó bá fà lọ, tí ẹni yín sì jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń làágùn, ẹ dá a padà. Páálí báírò lásán kan tó ní méjìlá àti nóòtù kan tí wọ́n rán dáadáa, àpapọ̀ owó wọn kò tó ti báírò alápòótí yẹn. Tí báírò alápòótí bá wù yín dandan, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ń ta íǹkì tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá tà á, ẹ má rà á.

Àtùpà ni, àbí páwà báǹkì?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sùn sílé àbúrò mi ní Òkè-Baálẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́. Mo jí láàárín òru, mo rí ìmọ́lẹ̀ kékeré ní pálọ̀. Àbúrò mi ló jókòó sídìí tábìlì, ó fi eyín gbá ẹ̀gbẹ́ fóònù mú, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń tàn sórí nóòtù. Ọwọ́ òsì ló fi di nóòtù mú, ó ń fi ọ̀tún kọ ọ́. Bó bá ti kọ ìlà bíi mẹ́ta, á yọ fóònù lẹ́nu, á nu ìdí rẹ̀ mọ́ ìró, á tún fi í bọ ẹnu. Mi ò pè é. Mo dúró síbi ilẹ̀kùn títí fóònù náà fi kú. Ó jókòó sínú òkùnkùn fúngbà díẹ̀, ó wá ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú eré rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ara rẹ̀, kó má bàa gbàgbé. Àtùpà ni mo rà fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọdún ò tiẹ̀ tíì dé.

Ẹni tó ń fọwọ́ kọ̀wé, àtùpà ni kẹ́ ẹ rà fún un. Èyí tó ń gba iná sára, tó ní ọrùn tó ṣeé tẹ̀, tó sì lè dúró lórí tábìlì. Tọ́ọ̀ṣì lásán kò jọ ọ́, torí tọ́ọ̀ṣì ń wá ẹni tó máa dì í mú. Ẹ wo àwọ̀ iná rẹ̀ náà: èyí tó funfun gbòò, tó ń kọ bíi búlúù, kì í jẹ́ kójú sinmi lóru. Èyí tí wọ́n kọ 3,000K tàbí 4,000K sí lára rọlẹ̀ ju 6,500K lọ. Àwọn kan ní pátákó kékeré tí wọ́n ń sá sóòrùn. Ó wọ́n ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ládùúgbò tí iná kì í pẹ́ níbẹ̀, òun ló ń pẹ́ jù lọ́wọ́ òǹkọ̀wé.

Ẹni tó jẹ́ pé orí fóònù ló ń kọ̀wé, páwà báǹkì ni tiẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé lónìí, orí fóònù lọ̀pọ̀ wọn ti ń kọ ọ́, ẹ má wò ó bíi pé eré ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú rẹ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Tí fóònù bá ń gba 5,000 mAh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà), èèyàn á rò pé páwà báǹkì 10,000 máa kún un lẹ́ẹ̀mejì. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí fóltì (volt) 3.7, ó sì gbọ́dọ̀ gbé e dé 5 kó tó wọ fóònù. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ ni díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ ti ń di ooru. Ẹ yí i padà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ wínníwínní sẹ́yìn rẹ̀: bíi 6,000 sí 6,500 lẹ máa rí lára èyí tó jẹ́ ojúlówó. Tí kò bá sí nọ́ńbà kankan lẹ́yìn, tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ bíi páálí òfìfo, ẹ gbé e sílẹ̀.

Fún kọ̀ǹpútà alágbèéká, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ páwà báǹkì orí àtẹ kò lè gbé e rárá. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹnu USB-C, kí wọ́n sì kọ PD (Power Delivery) sí i lára, pẹ̀lú wáàtì 45 ó kéré tán, 65 ló dáa jù. Tí ṣájà kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ ti àtijọ́ tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó, kò ní wọlé. Páwà báǹkì 20,000 jẹ́ bíi wáàtì-wákàtí (Wh) 74, ìyẹn sì tó láti kún kọ̀ǹpútà kékeré kan lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ láti òkè òkun lẹ fẹ́ rán, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé báàgì ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ wà nínú bàálù, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, kò sì gbọ́dọ̀ ju 100 lọ ní wáàtì-wákàtí láìgba àṣẹ.

Tẹ́ ò bá mọ èyí tí ẹni yẹn ń lò, àtùpà ni kẹ́ ẹ rà. Ẹni tó ń fi fóònù kọ̀wé náà ń ka ìwé lóru.

Ìwé atúmọ̀ èdè ni, àbí ìwé ìtàn?

Ìwé ìtàn ni gbogbo èèyàn máa ń rà fún òǹkọ̀wé, ìwé ìtàn náà ló sì ti ní jù nílé. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ra èyí tó ti kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé atúmọ̀ èdè wọ́n jù ú lọ dáadáa, kò sì fani mọ́ra téèyàn bá tú pépà ẹ̀bùn kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i.

Fún ẹni tó ń kọ Yorùbá, ti R. C. Abraham tó jáde lọ́dún 1958 ni àbúrò mi ń wá kiri fún ọdún pípẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó sì kún fún orúkọ igi, ẹyẹ, irinṣẹ́ àti oúnjẹ tá ò fi bẹ́ẹ̀ pè nílé mọ́. Lọ́jọ́ tí mo bá a rí i, kò sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Ẹsẹ̀ mi ló jókòó sí lórí ẹní, tó ń ka ọ̀rọ̀ jáde sókè, tó ń bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ẹ rántí pé màmá wa àgbà máa ń pè é báyìí?"

Ẹ ṣọ́ nǹkan méjì. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ kí àkọtọ́ ọdún 1974 tó dé, ọ̀nà àtijọ́ ló ń gbà kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń kọ "aiye", "enia" àti "nwọn", tá a wá ń kọ "ayé", "ènìyàn" àti "wọ́n" lónìí. Ẹ sọ ọ́ fún ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fún kó má bàa da àkọtọ́ méjèèjì pọ̀ nínú iṣẹ́ kan. Èkejì, tó bá jẹ́ àlòkù lẹ rí, ẹ ṣí ìparí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ̀yìn ìwé atúmọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya. Wọ́n ti gbé ọ̀kan wá bá mi rí tí kò sí W àti Y nínú rẹ̀, ẹni tó gbé e wá ò sì mọ̀.

Ẹ̀bùn ìwé kan tún wà tí kò pọ̀ lẹ́nu èèyàn. Tí ẹni yín bá ti tẹ ìwé jáde, ẹ ra ẹ̀dà mẹ́ta nínú ìwé tiẹ̀. Ẹ san owó rẹ̀ pé, ẹ má gba ọ̀fẹ́ torí pé ẹ jẹ́ ẹbí. Ẹ wá fi ta àwọn mẹ́ta mìíràn lọ́rẹ fún ọdún.

Bọ́tìnnì tí a ń rà ni, àbí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́?

Bọ́tìnnì ìkọ̀wé kékeré (kíbọ́ọ̀dù) tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ láìsí wáyà ti wọ́pọ̀, ó sì máa ń mú kí ìkọ̀wé yá. Àmọ́ kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ lójú rẹ̀. Òǹkọ̀wé Yorùbá á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé láìsí àmì, á ní òun á padà wá fi í sí i, iṣẹ́ ìpadàwá yẹn sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ gbáko.

Ẹ jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lórí fóònù Android, ẹ ṣí Gboard, bọ́tìnnì ìkọ̀wé orí fóònù, ẹ fi Yorùbá kún èdè rẹ̀. Lórí Windows, ẹ fi bọ́tìnnì Yorùbá kún un láti ibi tí wọ́n ti ń ṣètò èdè, tàbí kẹ́ ẹ gba Keyman, ètò ìkọ̀wé tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ wá kọ "ẹ́" àti "ọ̀" pẹ̀lú oríṣi lẹ́tà tó ń lò, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àmì náà jókòó sórí rẹ̀ àbí ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. "É" lásán ní ààyè tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. "Ẹ́" kò ní, ẹ̀rọ ní láti kó lẹ́tà àti àmì papọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn oríṣi lẹ́tà kan fi ń kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ. Tẹ́ ẹ bá bá a yan èyí tó ń gbé àmì síbi tó yẹ, ẹ ti fún un ní ohun tówó ò rà. Lẹ́yìn ìyẹn, tówó bá wà, ẹ lè ra bọ́tìnnì náà mọ́ ọn.

Àpò àdìrẹ ni, àbí àpò awọ?

Ní Òṣogbo ìlú aró, àdìrẹ ni màá mú. Àpò awọ ń pẹ́, ó ń gba ìkọlù, ó sì yẹ ẹni tó ń gbé kọ̀ǹpútà kiri lórí ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n àpò nóòtù tí wọ́n fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ rán, tí ẹni tó ṣe é fi ìyẹ́ adìẹ ya iṣẹ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún kó tó rẹ ẹ́ sínú aró ẹlú, òun náà ti sọ ìtàn ná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ aṣọ náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́ kí wọ́n tó rán an. Aró tuntun máa ń kùn pépà àti ọwọ́. Ẹ ṣọ́ra fún aṣọ títẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ: ẹ yí i sódì, tẹ́yìn rẹ̀ bá funfun pátápátá, aró kọ́ nìyẹn.

Owó ni, àbí kẹ́ ẹ san án síbi iṣẹ́?

Owó dára. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, pàápàá lásìkò tí ìrẹsì ń wọ́n. Àmọ́ owó tẹ́ ẹ bá kó lé òǹkọ̀wé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọdún, adìẹ ló ń lọ, owó ọkọ̀ ló ń lọ, ilé ìwé ọmọ ló ń lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kan ìwé rẹ̀, ẹ fi sínú àpòòwé, kẹ́ ẹ kọ iṣẹ́ tó wà fún sára rẹ̀: "owó àtúnkà", "owó ìtẹ̀wé", "owó dátà". Ọ̀rọ̀ yẹn tó wà lára àpòòwé máa ń dá èèyàn lọ́wọ́ dúró.

Èyí tí mo rò pé ó níye lórí jù nínú wọn ni owó àtúnkà, kí ẹni tó mọ Yorùbá dáadáa ka iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin pẹ̀lú báírò pupa. Nígbà kan, àbúrò mi gbé eré kan fún ẹni tó ń bá èèyàn tẹ iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n yọ gbogbo àmì kúrò. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀, òṣèré kan ka "ọkọ̀ mi ti dé" sí "ọkọ mi ti dé". Opó ni obìnrin inú eré náà. Gbogbo ẹ̀dùn ọkàn tó wà níbẹ̀ dàrú, wọ́n sì ní láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo rí bójú rẹ̀ ṣe rí nígbà tó délé lọ́jọ́ yẹn, kò jẹun.

Tó bá jẹ́ ìwé lẹ fẹ́ bá a tẹ̀, ẹ rán an létí ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, tó jẹ́ nọ́ńbà 13 láti ọdún 2007 wá. National Library of Nigeria ló ń fúnni lórílẹ̀-èdè wa. Kó gbà á kí iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé, torí ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí.

Àlejò ni, àbí ìdákẹ́jẹ́?

Àwa kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lóun nìkan lásìkò ọdún. Ilé máa ń kún, ìkòkò kì í sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò á sùn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tó ń mú ọdún dùn nìyẹn. Síbẹ̀, mo ti bi àbúrò mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ló fẹ́ gan-an, kò sì yí ìdáhùn rẹ̀ padà rí: ọjọ́ tí ẹnì kankan kò ní pè é.

Ọ̀nà méjì la lè gbà fún èèyàn nírú ọjọ́ yẹn. A lè mú un jáde, a sì lè mú àwọn yòókù jáde kí ilé ṣẹ́ kù fún un. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀, tó ń wá ohun tó máa kọ, ẹ mú un jáde. Ní Òṣogbo, ibi tó yá jù ni Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2005. Oṣù Kẹjọ ni èrò ọdún Ọ̀ṣun máa ń kún ibẹ̀; lóṣù Kejìlá, ọ̀bọ àti omi lẹ máa gbọ́. Èèyàn lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú yìí mọ, kó sì kọ̀wé títí oòrùn á fi yẹ̀. Nílùú yìí kan náà ni Dúró Ládiípọ̀ ti dá Mbari Mbayo, ibùdó iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ lọ́dún 1962, ìlú tó mọ ohun tí iṣẹ́ ọnà ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ni.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dé ìdajì, ilé ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ìjáde á tún dá a dúró ni. Ìdákẹ́jẹ́ kò náni lówó púpọ̀ bí àtùpà tàbí ìwé atúmọ̀, àmọ́ òun ló nira jù láti fúnni, nítorí ara ẹni la fi ń san án.

Àbúrò mi ti dé ìdajì ìwé rẹ̀ lọ́dún yìí. Mo ti di nóòtù méjì sílẹ̀ fún un, èyí tí wọ́n fi òwú rán, àlàfo mìlímítà 8, pẹ̀lú páálí báírò 0.7 kan. Mo kọ ọ̀rọ̀ sínú káàdì pé mo ń bọ̀ wá kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, wọ́n á sì wà lọ́dọ̀ mi títí di ọgbọ̀n ọjọ́. Mo ti ra ìrẹsì wọn. Mo ti bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ náà, ó ní òun á lọ kí àwọn òbí òun ní Ìkìrun lọ́jọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn. Nígbà tí mo fi tó o létí lórí fóònù lánàá, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní, "Àǹtí mi, ṣé ọjọ́ mẹ́rin gbáko lẹ wí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n dúró ná, òun fẹ́ wá báírò kọ ọ́ sílẹ̀.